Màmá Wà ní Dubai, Ìtòkú Wà Lẹ́yìn Wọn

Láti ìgbà tí a ti fi fíìmù Màmá aláró hàn níbi àjọyọ̀ ọdún ẹgbẹ́ wa ni ìbéèrè ti ń wọlé. Àwọn kan pè wá lórí fóònù pé ìgbà wo la ránṣẹ́ kámẹ́rà lọ sí Abẹ́òkúta tí àwọn ò gbọ́. Àwọn mìíràn ní ta ló gbé Màmá dé ibi tí òkè Olúmọ ti hàn kedere bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn. Alàgbà kan tilẹ̀ sọ pé àwọn rí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n àwọn ní Ìtòkú. Òótọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Màmá gan-an ni kò sí níbẹ̀. Dubai ni wọ́n wà, nínú yàrá gbàgede kan tí kò ní fèrèsé, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ. Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwa tí a bá wọn lọ kọ bó ṣe rí sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di àròsọ.

Kí a tó dé sítúdíò, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọ̀nà. Sharjah ni púpọ̀ nínú wa ń gbé nítorí owó ilé; Dubai ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ mọ ohun tí à ń wí. Èèyàn á ti jí kí àkùkọ tó kọ, á gbàdúrà nínú mọ́tò, á jẹun nínú mọ́tò, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ títí dé Dubai. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìlú méjèèjì fara kan ara wọn débi pé orúkọ kan náà, Al Nahda, ni wọ́n ń pe àdúgbò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà. Aago wọn kan náà ni, wákàtí mẹ́ta ló fi ṣáájú ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kíní ọdún 2022, Sharjah ń sinmi ní Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Dubai ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ní Jímọ̀, wọ́n sì ń sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọmọ tó ń lọ ilé ìwé ní Sharjah wà nílé ní Jímọ̀, bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Dubai. Aago bára mu, ọ̀sẹ̀ ò bára mu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀ níwájú.

Ẹ má sì rò pé fíìmù yíyà jẹ́ nǹkan tuntun ní àgbègbè yìí. Ní 1932 ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú Imperial Airways ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà sí Sharjah, tí àwọn èrò tó ń lọ sí Íńdíà á sùn mọ́jú níbẹ̀. Ní 1937 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé fíìmù kékeré kan jáde lórí ibùdókọ̀ yẹn, Air Outpost ni wọ́n pè é. Lónìí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ibẹ̀, Al Mahatta. Pápá tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí nígbà yẹn ti di títì King Abdul Aziz tí àwa náà ń wa mọ́tò gbà. Ní ti Dubai, wọ́n dá Dubai Studio City sílẹ̀ ní 2005, Sharjah náà sì dá Sharjah Media City tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2017. Ẹni tó bá wo fíìmù Mission: Impossible – Ghost Protocol ti ọdún 2011 yóò rántí Tom Cruise lára Burj Khalifa, ilé tó ga ní mítà 828. Ìta gbangba ni wọ́n ti ya ìyẹn. Ṣé nínú oṣù Kẹjọ ni ẹ fẹ́ kí a gbé ìyá arúgbó sí ìta gbangba ní Dubai? Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba kò gbà kí òṣìṣẹ́ kankan ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti agogo méjìlá ààbọ̀ sí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ọkùnrin tó ń gbé búlọ́ọ̀kù ni òfin ń dáàbò bò bẹ́ẹ̀, kí la wá fẹ́ sọ nípa ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún?

Ohun tó gbé Màmá wá sí Sharjah kò jù pé ọmọ wọn obìnrin bímọ, wọ́n wá wẹ ọmọ. Físà ìbẹ̀wò ni wọ́n fi wá, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wọn sì jẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n jókòó nílé, tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nígbà èwe wọn: bí wọ́n ṣe ń fi láfún ro ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára aṣọ, tí wọ́n á rì í sínú aró, tí wọ́n á yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tí wọ́n á tún rì í. Àwọn ọmọ náà, tí òmíràn nínú wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí, ń béèrè pé, “Màmá, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?” Màmá ń fi ọwọ́ júwe. Ọwọ́ ò tó. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò kan ní Dubai, ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí a gbé Ìtòkú wá bá Màmá, níwọ̀n ìgbà tí Màmá ò lè lọ máa gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta kiri mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ á fún wa ní ìdajì ọjọ́ ní iye tó mọ níwọ̀n. Ìdajì ọjọ́ kan péré, ọjọ́ Sátidé, kí Màmá tó lọ ní Mọ́ńdè. Kò sí ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tó àádọ́ta ọdún, ẹ ó rántí fọ́tò tí àwọn òbí wa máa ń lọ yà nígbà ọdún. Ó wà nílé yín: ìyá yín jókòó lórí àga, ọkọ̀ òfuurufú tàbí afárá tàbí ọgbà òdòdó wà lẹ́yìn wọn. Ta ló wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú wọn? Aṣọ ni fọ́tógíráfà kùn ní ọ̀dà, tó fi kọ́ ara ògiri. Àṣírí aṣọ yẹn kì í tú níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà bá dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún sápá ọ̀tún díẹ̀ báyìí, ojú á rí i pé afárá náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní.

Ohun tó wà ní sítúdíò yìí, ọmọ ìyá aṣọ fọ́tógíráfà yẹn ni, àmọ́ èyí ń rìn. Ògiri ńlá kan ni, tó ká bí ìgbà tí èèyàn bá na apá méjèèjì láti gbá ọmọ mọ́ra, gbogbo ara rẹ̀ sì jẹ́ gílóòbù iná wínníwínní tí kò ṣeé kà. Kọ̀ǹpútà ló ń ya àwòrán sí i lára, pẹ̀lú irú ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù àwọn ọmọ wa. Unreal Engine ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Epic Games ló ṣe é, láti 1998 ló sì ti wà. Ẹ̀rọ mìíràn ń ṣọ́ kámẹ́rà, ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kámẹ́rà ti sún síbí, ó ti yí sọ́hùn-ún. Bí kámẹ́rà bá ṣe ń rìn ni kọ̀ǹpútà ń tún Ìtòkú yà. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá wà nínú mọ́tò: igi ẹ̀bá ọ̀nà á máa sáré lọ sẹ́yìn, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á máa bá èèyàn rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ògiri yẹn. Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ sún, Olúmọ dúró. Ìdí nìyẹn tí ojú gbogbo yín fi gbà á gbọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ya The Mandalorian, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ògiri tiwọn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 20, àyè tó sì wà láàárín rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 75. Ti ibi tí a lọ kò tó bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gba Màmá, ìkòkò aró méjì àti àpótí ìjókòó kan.

Ìtòkú tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá kan ní Abẹ́òkúta ló ya fọ́tò rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò láti igun gbogbo, tí ọmọ wa ní sítúdíò sì fi kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀ di ọjà tí èèyàn lè rìn yí ká.

Ní ti ìjókòó Màmá, wọn ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ògiri. Tí kámẹ́rà bá wo gílóòbù wínníwínní yẹn ní àwòjù, àwòrán á máa hó bí omi, bí aṣọ àǹkárá oníláìnì ṣe máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà iwájú dáadáa ni wọ́n gbé àpótí sí, kí ojú kámẹ́rà mú Màmá gan-an, kí ọjà ẹ̀yìn rí bàìbàì díẹ̀. Màmá wọ àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Bí wọ́n ṣe rí ara wọn nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà ni wọ́n kọ̀. “Aró kọ́ nìyí. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé nìyí.” Wọ́n jàre. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nìkan ni iná ara ògiri náà, mẹ́ta yẹn ló fi ń parọ́ àwọ̀ yòókù. Ojú lè gbà bẹ́ẹ̀ tó bá wo ògiri fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí iná ògiri bá tàn sára aṣọ tàbí sára awọ dúdú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Wọ́n ní láti gbé iná sinimá gidi wá síwájú kí aró tó padà di aró, kí ojú Màmá sì tó padà máa dán. A sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ jù lọ nínú yàrá yẹn lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, aláró ni.

Gbogbo rẹ̀ tò, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọmọ wa fi ní kí wọ́n dúró. Ilà dúdú kan wà nínú àwòrán, ó dúró gbọọrọ láti ọ̀tún sí òsì lórí ọjà, ó sì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Tó bá dé òkè, òmíràn á yọ nísàlẹ̀. Tí a bá fi ojú wa wo ògiri, kò sí ilà kankan. Inú kámẹ́rà nìkan ló wà.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí a kọ ìwé yìí gan-an la dé yìí, ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ. Kámẹ́rà kì í rí ayé bí ojú wa ṣe ń rí i, ńṣe ló ń ṣẹ́jú. Àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ní kó máa yà lọ́jọ́ yẹn. Ó ń lajú, ó ń pa á dé, nígbà 25. Àkókò tó sì fi ń lajú lẹ́ẹ̀kan kò ju ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá lọ. (Àwọn oníṣẹ́ sinimá fẹ́ràn 24, ṣùgbọ́n iná mànàmáná UAE, bíi ti Nàìjíríà, nígbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 25 sì bá a mu. Ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìgbéyàwó tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi ránṣẹ́ sílé nígbà kan, tí fídíò ilé kì í gbé jáde dáadáa? Ara ohun tó fà á nìyẹn: 30 ni tiwọn, 25 ni tiwa.) Ògiri náà ń ṣẹ́jú tirẹ̀. Iná ara rẹ̀ ń tàn ó ń kú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, ojú ẹ̀dá ò lè bá a dé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ya ọjà tuntun nígbà 25. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kámẹ́rà ń ròyìn tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, kálukú pẹ̀lú aago tirẹ̀ nínú.

Àwa béèrè ìbéèrè oníṣirò owó: ṣé iye kan náà ni gbogbo wọn ń kà? Ọmọ wa ní bẹ́ẹ̀ ni, 25, 25, 25, ó fi hàn wá lójú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kí ló wá dé? Ó ní iye bára mu, ìṣísẹ̀ ò bára mu. Ìyẹn wọ̀ wá lára, nítorí a ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ wa fún ọgbọ̀n ọdún. Ilé iṣẹ́ méjì lè máa ti ìwé àkáǹtì wọn lóṣooṣù, ìgbà méjìlá lọ́dún, iye kan náà. Tí ọ̀kan bá ń tì í ní ọjọ́ ìparí oṣù, tí èkejì ń tì í ní ọjọ́ 25, owó tí A ní òun ti san fún B, B á ní òun ò tíì rí i. Kò sí olè níbẹ̀. Sharjah àti Dubai ni: aago kan náà, Jímọ̀ ọ̀tọ̀.

Ilà tó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ yẹn ló sì fi àìsàn náà hàn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa ṣe ṣàlàyé. Ká ní ọ̀kan ń ka 24, tí èkejì ń ka 25, ilà náà ì bá sáré ni. Pé ó ń rọra gun òkè túmọ̀ sí pé aago méjì wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, tí ọ̀kan kàn ń fi bíńtín ṣáájú ìkejì. Ẹ fi àwọn onílù dùndún sínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn mọ ìlù náà dáadáa. Kí ìyáàlù tó ki oríkì dé ìdajì, wọ́n á ti fi ara wọn sílẹ̀. Ohun tó ń dè wọ́n pọ̀ lójú agbo ni gúdúgúdú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í yí ohùn padà, tí kálukú ń fi etí sí. Gúdúgúdú wà ní sítúdíò náà pẹ̀lú. Àpótí kékeré kan ni, wáyà tín-ín-rín jáde lára rẹ̀ lọ sí ara kámẹ́rà, sí ẹ̀rọ tó ń darí ògiri, sí kọ̀ǹpútà, sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kámẹ́rà. Genlock ni wọ́n ń pe dídè yìí. Àpótí náà kì í gbé àwòrán, kì í gbé ohùn. “Ó yá, ó yá, ó yá” nìkan ló ń wí, nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí gbogbo wọn lè jọ gbẹ́sẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin yẹn kò gbọ́ gúdúgúdú mọ́. Èwo ni? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Àwa tí a gbé owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ń wo aago. Ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n pa ògiri kí wọ́n lè tún un tàn, Ìtòkú parẹ́, ilẹ̀ ṣú biribiri, ni Màmá bá kígbe nínú òkùnkùn pé, “Ṣé NEPA náà ti dé ìlú yìí ni?” Gbogbo àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọkùnrin ará Íńdíà tó ń tọ́jú iná ń béèrè pé kí ló pa wá lẹ́rìn-ín, a ò mọ bí a ṣe máa túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dé ikùn wa. Ọmọ Màmá ti ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Ìyá tó lé ní ọgọ́rin, lábẹ́ iná, tí a ní kí wọ́n má ì tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọkàn wọn tọ́jú. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí èèyàn ń ṣí, tó ń tì pa. A ti ń rò ó pé kí wọ́n kúkú gba ohùn wọn nìkan sílẹ̀.

Kámẹ́rà gan-an ni. Wáyà rẹ̀ wà níbẹ̀ lójú, ẹni tó bá wò ó á ní ó wọ̀ ọ́. Ẹnu wáyà náà ló tú díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé kámẹ́rà láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tí kò gbọ́ gúdúgúdú mọ́, kámẹ́rà kò dákẹ́, kò ké. Aago inú ara rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé, ó ń ka 25 tirẹ̀ lọ. Ọmọ wa tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó yí i kó dì, ilà dúdú náà sì dúró sójú kan.

Ó dúró o, kò lọ! Àwa rò pé ó ti tán. Ọmọ wa ní rárá, wọ́n ti jọ ń gbẹ́sẹ̀ báyìí, àmọ́ ọ̀kan ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí èkejì ń gbé òsì. Àkókò tí ògiri ń pààrọ̀ àwòrán bọ́ sí àkókò tí kámẹ́rà lajú. Ó ń sún àkókò kámẹ́rà síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò, ilà náà ń lọ sísàlẹ̀, títí tó fi bọ́ sí àárín ìgbà tí kámẹ́rà dijú. Ó sì wọlẹ̀ síbẹ̀.

Èyí tó kù kò ní oògùn pátápátá. Kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kámẹ́rà tó jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà tó ya ọjà, kí ó tó dé ara ògiri, àwòrán bíi mélòó kan á ti kọjá. Tí kámẹ́rà bá yí lójijì, Olúmọ á dúró díẹ̀ kó tó rántí pé ó yẹ kí òun tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi ń rọra rìn nínú fíìmù yẹn bí ẹni tó ń kí ọba. Ẹnì kan yìn wá pé ẹni tó ya á ní sùúrù. Ẹ̀rọ ló fún un ní sùúrù. Ní ti ohùn, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àti kámẹ́rà ń kọ nọ́ńbà aago kan náà sórí iṣẹ́ wọn, timecode ni wọ́n ń pè é, kí ẹni tó máa to fíìmù lè mọ ohùn tó bá ẹnu mu. Nọ́ńbà ojú ìwé ni timecode. Genlock ni ọwọ́ tó ń ṣí ìwé. Èèyàn lè ní nọ́ńbà tó pé lójú ewé gbogbo, kí ìwé sì ṣì máa ya mọ́ ọn lọ́wọ́.

Màmá sọ̀rọ̀ wọn láìdúró fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Wọ́n sọ ti àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta tó ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ, àti ti obìnrin tó ń fi ọwọ́ yà á. Wọ́n dárúkọ àwọn iṣẹ́ ara aṣọ, Olókun, Ìbàdàndùn. Lójijì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n ní, “Iwájú ibẹ̀ yẹn ni ìyá mi ń pàtẹ sí.” Kámẹ́rà rọra tẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Ibi tí wọ́n na ọwọ́ sí nínú fíìmù náà ni ibi tí ó wà ní Ìtòkú lóòótọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ti rin ibẹ̀, ó ti jẹ́rìí sí i. Lára ìtàn tí a gbà sílẹ̀ láti ẹnu àgbà, èyí ló ṣọ̀wọ́n jù. Aṣọ fọ́tógíráfà ìgbà àtijọ́ kò lè ṣe é. Tó bá sì jẹ́ pé ilà dúdú ń gun orí ọjà náà nígbà yẹn, à bá pàdánù rẹ̀, nítorí Màmá ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. A ti bi wọ́n lórí fóònù láti ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn ò rántí pé àwọn sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní irọ́ ni, pé àwọn ọmọ á rò pé Màmá wà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, a ò sì ní fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá jẹ́ òtítọ́, ọjà náà jẹ́ òtítọ́, pé wọ́n jọ wà níbì kan ni kì í ṣe òtítọ́. Nínú ìwé àkáǹtì, irú nǹkan báyìí kì í ba ìwé jẹ́ tí èèyàn bá kọ àlàyé sísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà a ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìparí fíìmù náà, ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi: Dubai ni a ti ya Màmá, Abẹ́òkúta ni a ti ya fọ́tò Ìtòkú. Ẹ̀dà tuntun tí ẹ máa gbà ní àkọlé yẹn. Ní ti owó, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó jẹ́ kó wá wo ìwé ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ wa, a kì í kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́ta lọ sílé.

Bàbá kan láti Ìjẹ̀bú ti gbà pé àwọn máa bá wa sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, lórí iṣẹ́ òfì híhun. Ọmọ wa ní sítúdíò ti fún ọmọkùnrin tó ń bá wa ya fọ́tò nílé ní ìkìlọ̀ pé kó ya gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ kan ṣoṣo, kí òjìji lè dojú kọ ibì kan náà, nítorí ibi tí òjìji bá kọjú sí ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n máa gbé iná dúró fún ní Dubai. Fọ́tò àkọ́kọ́ ti dé. Ó dára, àfi ewúrẹ́ kan tó ń rìn káàkiri nígbà tí ó ń yà á: ó wà nínú fọ́tò kan, kò sí nínú èkejì, ó tún yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀kẹta. Kọ̀ǹpútà gbìyànjú láti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì ti fún wa ní ìdajì ewúrẹ́ kan tó dúró síwájú ilé bàbá náà, iwájú nìkan, kò ní ẹ̀yìn. Bàbá ti rí i, wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àwọn mọ ẹni tó ni ín.